Èèkàn Ni, Mo Pè É Ní Kùkùté

Mo mọ ohun tí ẹ máa ń sọ bí ẹ bá ka irú nǹkan báyìí. Ẹ ó ní ẹnì kan ló jókòó sí kọ̀rọ̀ tó hun ún. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀. Ìṣojú mi ni, ọwọ́ mi sì wà níbẹ̀. Bí mo bá bù mọ́ ọn, kí omi odò Yewa kọ̀ mí lọ́jọ́ tí òùngbẹ bá ń gbẹ mí.

Ọdẹkúnlé lorúkọ mi, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ ní Ajilete. Bàbá Kọ́tọ́nú ni wọ́n ń pè mí, nítorí ọ̀nà ibẹ̀ ni mo gbà wọ̀lú. Mo ti jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ rí, mo ti ru sìmẹ́ńtì rí, mo ti sùn sábẹ́ tírélà lọ́nà Párákú títí òjò fi kọ́ mi ní orúkọ ara mi. Ìlú kan kò gbà mí pẹ́. Ìgbà tí irun mi funfun tán ni mo tó dúró, ilé Àṣìkẹ́ ni mo sì dúró sí.

Opó ni Àṣìkẹ́. Ẹ̀gẹ́ ló ń gbìn, gàrí ló ń tà. Ó fún mi ní yàrá kan lẹ́yìnkùlé, kò bi mí léèrè owó ilé rí. Ohun tó bá sè, ó ń bù tèmi. Mẹ̀dínátù, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ló máa ń gbé e wá.

"Bàbá Kọ́tọ́nú, oúnjẹ yín rèé o. Bí ẹ bá ní iyọ̀ ò tó, ẹ wá sè é fúnra yín."

Bó ṣe máa ń bá mi sọ̀rọ̀ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó tún ń bá mi ṣàwàdà láyé yìí.

Ọ̀dọ̀ Alájì Bàrúwà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹgbẹ́ mi ni, àmọ́ owó ti sọ ọ́ di ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní ọkọ̀ ojú omi ńlá kan tó ń lo ẹ́ńjìnnì. Mi ò ní fi ewé bo ọ̀rọ̀ fún yín: fàyàwọ́ là ń ṣe. Bẹntiróò là ń gbé lọ sí apá ọ̀hún bọ́dà, ìrẹsì là ń gbé bọ̀. Bí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù bá ń já ilé kiri, a kì í gbé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróò sílé. Abẹ́ omi là ń so wọ́n sí, mọ́ èèkàn, a ó wá so òkúta mọ́ wọn kí wọ́n má baà léfòó.

Èmi ni mo kan àwọn èèkàn yẹn. Igi tó le bí irin ni. Mo fi ayùn gé orí wọn kí wọ́n má ṣe yọ lójú omi. Bí o kò bá sí nínú iṣẹ́ wa, o lè wẹ̀ kọjá níbẹ̀ lójoojúmọ́ kí o má mọ̀.

Nígbà tó di oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba ti bọ́dà pa. Láti Ìdìrókò títí dé Ìlárá, ṣọ́jà ni, kọ́sítọ́ọ̀mù ni. Ọjà Owódé gbẹ bí ẹ̀pà tí wọ́n sá gbàgbé. Ọkọ̀ Alájì dúró sébùúté títí koríko fi hù lára okùn rẹ̀.

Ìgbà tí ọdún Kérésì ń bọ̀ ló pè mí.

"Bàbá Kọ́tọ́nú, àwọn ọ̀dọ́ Ìlaròó tó máa ń kọjá bọ́dà lọ jayé l'Ájàṣẹ́ nígbà ọdún, ibo ni wọ́n ń lọ lọ́dún yìí?"

"Wọ́n á jókòó sílé bàbá wọn."

"Irọ́ lo pa. Orí ọkọ̀ mi ni wọ́n ń bọ̀."

Ó kun ọkọ̀ fàyàwọ́ ní funfun àti búlúù, ó na tapólì lé e lórí, ó kó àga àti gbohùngbohùn sínú rẹ̀. Eré tó wá ń fa èrò jù ni ti túùbù. Túùbù inú táyà tírélà ni, a rọ atẹ́gùn kún un, a fi okùn so ó mọ́ ìdí ọkọ̀. Ìwọ á jókòó sínú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì á máa wọ́ ọ lórí omi, ìwọ á máa ké, àwọn tó wà lọ́kọ̀ á máa fi fóònù yà ọ́. Láti Ìlaròó, láti Ayétòrò, wọ́n ń wá. Alájì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó bímọ ọkùnrin.

Àmọ́ ọyẹ́ ti dé. Ọyẹ́ kì í gbẹ ètè nìkan, ó ń gbẹ odò pẹ̀lú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì Kérésì, mo ń fi ọ̀pá wo ibú omi. Níbi tí odò ti yí po, lẹ́bàá ọ̀pẹ kan tó tẹ̀, ọ̀pá mi dún kò. Orí èèkàn ni. Omi tó bò ó kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ mọ́.

Mo lọ bá Alájì. Husain, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ń tukọ̀, wà níbẹ̀ tó ń da epo sí ẹ́ńjìnnì.

"Alájì, omi ti fà o. Orí àwọn èèkàn wa ti súnmọ́ òkè."

"Ṣé ó máa ha ọkọ̀ ni?"

"Ọkọ̀ ò ní gba ibẹ̀. Túùbù ni mò ń sọ. Túùbù máa ń fì. Bí Husain bá yà lójijì, ó lè fì débẹ̀. Ẹ jẹ́ ká dá iṣẹ́ dúró lónìí ká yọ wọ́n."

"Bí a bá yọ wọ́n tí ìjọba ṣí bọ́dà lọ́la ńkọ́? Kí la máa so ọjà mọ́? Irùngbọ̀n rẹ?"

Husain bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ẹni tó ń jẹ lábẹ́ ẹni.

"Ká tiẹ̀ so aṣọ pupa mọ́ ọn kí Husain lè máa rí i."

"Kí kọ́sítọ́ọ̀mù náà lè máa rí i? Bàbá Kọ́tọ́nú, ogbó ti ń dà ọ́ láàmú. Lọ gbá inú ọkọ̀."

Mo lọ gbá inú ọkọ̀.

Nígbà tí oòrùn là, èrò dé. Àwọn wo ni mo rí láàárín wọn? Mẹ̀dínátù àti àwọn tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fúrídọ́ọ̀mù ni, ìyá rẹ̀ ti ra máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ fún un, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì dáwó jọ láti fi ọkọ̀ fàájì bá a yọ̀.

"Bàbá wa! Ẹ̀yin lẹ fẹ́ tù wá?"

"Husain ló ń tù. Èmi ni mò ń mójú tó okùn."

Ó yí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sẹ́yìn, ó ń kà á sókè. "'Ẹni tó bá farapa, ọrùn ara rẹ̀ ló wà.' Bàbá, ẹ gbọ́ ohun tí Alájì kọ! Ó ní bí ẹja bá gbé mi mì, kí ẹ má bi òun."

"Ẹja wo? Ẹja tó bá gbé ìwọ mì, ẹnu rẹ ni ò ní jẹ́ kó sinmi."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tó kan òun láti gun túùbù, ó na ẹsẹ̀ kan wò ó, ó fà á padà. Ó bojú wò mí.

"Bàbá, ṣé kò sí nǹkan kan nínú omi yìí?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró síbí. Ibí ni mo ti kú.

Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi. Alájì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wò mí. Kò ṣẹ́jú, kò gbé ọwọ́. Ó kàn ń wò mí. Mo ronú oúnjẹ mi, mo ronú pé ọkọ̀ kò ní gba ibi ọ̀pẹ yẹn, mo ní bóyá nǹkan kan ò ní ṣe.

Mo ní, "Omi ló wà nínú omi."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ó jókòó.

Husain kọ́kọ́ rọra ń lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pariwo, "Yára! Yára sí i!" Òun náà ń pariwo lórí túùbù, "Husain, ṣé ìgbín lò ń tù ni?" Ọmọkùnrin náà fẹ́ ṣe fáàrí. Ó tẹná mọ́ ẹ́ńjìnnì. Nígbà tó dé ibi tí odò ti yí po, ó yà lójijì.

Túùbù fì. Mo rí ibi tó ń fì lọ.

"Husain! Dá a dúró!"

Orin ń dún lókè ju ohùn mi lọ.

Túùbù bẹ́ bí ìbọn. Igbe Mẹ̀dínátù jáde lẹ́ẹ̀kan, kò jáde mọ́. Mo bẹ́ sómi. Nígbà tí mo gbé e, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ń lọ síbi tí ẹsẹ̀ kì í lọ.

Ó la ojú lọ́wọ́ mi. "Bàbá, kí ni mo gbá?"

"Kùkùté ni."

Kò sẹ́ni tó tíì kọ́ mi ní irọ́ nígbà yẹn o. Ẹnu ara mi ló mú un jáde.

Ọsibítù kan n'Ílaròó ni a gbé e lọ. Dókítà ní eegun itan dá, orúnkún náà fọ́. Ó ní irin ni wọ́n máa fi sí i ní ọsibítù ńlá, kí wọ́n sì tètè ṣe é, torí bí eegun bá fi wọ́ jọ fúnra rẹ̀, ọmọ yìí á máa wọ́ ẹsẹ̀ ni títí ayé. Ẹni tó fẹ́ máa fi ẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì jẹun. Àṣìkẹ́ ta ewúrẹ́, ó ta oko ẹ̀gẹ́ lórí ìdúró, kò débì kan. A gbé e padà wálé.

Alájì gbé búrẹ́dì àti ọsàn wá kí wọn. Ó ṣàdúà gígùn. Ó ní, "Ìyá Mẹ̀dínà, ẹ fi ṣe kádàrá. Kùkùté tí àgbàrá wọ́ wá ni, ta ló lè mọ̀? Mo sì ti kìlọ̀ lẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì."

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Husain gba inú igbó kọjá sí Àjàṣẹ́. Fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́.

Alájì mú mi lọ sẹ́yìn ilé rẹ̀. Ilẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí igi máńgòrò ṣíji bò.

"Bàbá Kọ́tọ́nú, bí o bá kú, ibo ni wọ́n máa sin ọ́ sí?"

Mo wo ilẹ̀ náà. Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé bàbá, ẹ ò lè mọ bí ìbéèrè yẹn ṣe ń wọni lára. Ọmọ Yorùbá wo ni wọ́n ń sin sílẹ̀ onílẹ̀ bí ajá?

"Ibí ni," ó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀. "Màá kọ́ yàrá méjì síbẹ̀ fún ọ. Ìwọ lo ni ín. Inú rẹ̀ ni wọ́n máa sin ọ́ sí, àwọn ọmọ mi ló máa da erùpẹ̀ sí ọ lára."

"Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?"

"Kò sí nǹkan kan. O ti ṣe é ná. Kùkùté ni, àbí kùkùté kọ́?"

"Kùkùté ni."

"Ó parí."

Kò pẹ́ tí ọ̀gá tó kọ́ Mẹ̀dínátù níṣẹ́ fi mú oníbàárà rẹ̀ kan wá sílé wa. Lábísí lorúkọ rẹ̀, lọ́yà ni, Ìlaròó ló ń gbé. Ọmọdébìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìta ilé la jókòó sí, Mẹ̀dínátù wà lórí ibùsùn nínú yàrá tó kángun síta, ó ń gbọ́ wa láti ojú fèrèsé.

Àṣìkẹ́ ní, "Alájì ní ọwọ́ òun mọ́. Ó ní ó wà lẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì."

"Màmá, ohun tí Alájì kọ sẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì kì í ṣe òfin ìlú. Ẹni tó bá gba owó èrò tó gbé e sójú omi gbọ́dọ̀ ṣọ́ ọ bó ṣe yẹ, títí onítọ̀hún á fi fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ padà. Ẹni tó mọ ewu, tó gbé e pamọ́, kò lè fi bébà bo ara rẹ̀."

"Ó ní ọkọ̀ ò ṣe nǹkan kan. Ó ní eré ló ṣe é."

"Ta ló gbé eré náà kalẹ̀? Ta ló so túùbù mọ́ ọkọ̀? Eré tó wà nínú ìrìn àjò, ara ìrìn àjò ni."

Ohùn Mẹ̀dínátù jáde láti inú ilé. "Àǹtí, èmi ni mo ní kí Husain yára o. Ṣé ìyẹn ò ti bà á jẹ́?"

"Ó lè dín ohun tí wọ́n máa san fún ọ kù. Kò ní kí wọ́n má san án. Ìwọ kọ́ lò ń tukọ̀."

Mẹ̀dínátù tún bèèrè láti ojú fèrèsé. "Kí ni mo lè rí gbà?"

"Owó irin ẹsẹ̀. Owó ìtọ́jú tí ẹ ti ná. Iṣẹ́ tó yẹ kí o máa ṣe báyìí tí o ò lè ṣe." Ó yíjú sí ìyá. "Àmọ́ ẹ gbọ́ o. Alájì ní kùkùté tí omi wọ́ wá ni, pé kò sẹ́ni tó lè mọ̀. Bí ilé ẹjọ́ bá gba ìyẹn gbọ́, ẹjọ́ wa máa rọ lápá. Ohun tí mò ń wá ni ẹni tó lè sọ pé Alájì mọ̀. Ta ló mọ omi yẹn tó wà lórí ọkọ̀ lọ́jọ́ náà?"

Ojú Àṣìkẹ́ là bí ojú ẹni tó rí oúnjẹ lásìkò ìṣínu ààwẹ̀.

"Bàbá Kọ́tọ́nú rèé! Ilé mi ni wọ́n ń gbé. Ọlọ́run ló fi wọ́n síbẹ̀ dè wá."

Lọ́yà gbé fóònù rẹ̀ sórí àpótí níwájú mi. "Bàbá, mo fẹ́ gba ohùn yín sílẹ̀. Kí ni túùbù yẹn lọ gbá?"

Bí mo bá ní èèkàn ni, wọ́n á bi mí ta ló kàn án, kí ni ó wà fún. Fàyàwọ́ á jáde. Ẹ̀wọ̀n lè tẹ̀ lé e. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Ẹ̀wọ̀n kọ́ ló dì mí lẹ́nu. Abẹ́ igi máńgòrò yẹn ni.

"Kùkùté ni."

"Ẹ ti mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Rárá."

"Ẹ bá Alájì sọ nǹkan kan nípa rẹ̀?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́?"

Ó wò mí. "Ṣé ó dá yín lójú, Bàbá?"

"Mo ti dàgbà kọjá irọ́, ọmọ mi."

Àṣìkẹ́ fi gèlè nu ojú. "Bí ẹ̀yin bá ní kùkùté ni, Bàbá, kùkùté ni."

Lójú àlẹ́ yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló gbé oúnjẹ mi wá, torí ẹni tó ń gbé e wá kò lè dìde. Ó fi ẹran méjì lé e. Mo jẹ ẹ́. Mo jẹ ẹ́ tán, mo lá ọwọ́.

Alájì ní ìyẹn ò tíì tó. Ó ní kí n bá òun bẹ̀ wọ́n kí ọ̀rọ̀ lọ́yà kúrò nílẹ̀. Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wa: bí àgbàlagbà bá dọ̀bálẹ̀ fún ọ, ọ̀rọ̀ parí, ẹni tó bá tún ń jà lẹ́yìn rẹ̀ ti di aláìlẹ́kọ̀ọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú obìnrin tí mo lè bí. Àṣìkẹ́ ń sáré fà mí dìde, ó ń ké, "Bàbá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi! Ẹ ó fa ègún wọ ayé mi!" Ó ní òun á fi fún Ọlọ́run. Ó mú bàbá kan wá tó ń to eegun, kó fi ọ̀pá àti aṣọ di ẹsẹ̀ náà. Alájì já búlọ́ọ̀kù sábẹ́ igi máńgòrò.

Mẹ̀dínátù nìkan ni kò gbà. Ó ní, "Ìyá mi ni wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún, wọn ò dọ̀bálẹ̀ fún ẹsẹ̀ mi." Ó pe lọ́yà rẹ̀ padà.

Lọ́yà dé níbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, nígbà tí odò gbẹ jù. Ó ní òun fẹ́ ya fọ́tò kùkùté náà. Alájì gbọ́, ó ní òun náà ń bá wa lọ, kò sí ohun tí òun ń fi pamọ́. Bóyá ó rò pé omi ṣì bò wọ́n. Àṣìkẹ́ wọ inú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n pẹ̀lú wa. Èmi ni mo ń wà á.

Mo wà wọ́n lọ síbòmíràn, níbi tí igi ṣíṣubú kan wà.

"Bàbá, ibí kọ́," ni Lọ́yà wí. "Mẹ̀dínátù ní ẹ̀bá ọ̀pẹ kan tó tẹ̀ ni."

Mo ní ọ̀pẹ pọ̀ létí odò. Ó na ìka. Ọ̀pẹ náà ń wò wá. Mo wà wọ́n débẹ̀.

Wọ́n ti yọrí. Wọ́n tò jáde lójú omi bí eyín ẹnu arúgbó, gígé pẹrẹsẹ, okùn búlúù ṣì wà lọ́rùn wọn, etí kẹ́ẹ̀gì tó ti já rọ̀ mọ́ ọ̀kan.

Lọ́yà ya fọ́tò títí. Lẹ́yìn náà ló rọra bi wá, "Ta ló máa ń fi ayùn gé kùkùté lábẹ́ omi?"

Àṣìkẹ́ kò wo èèkàn. Kókó okùn ló ń wò. Irú kókó yẹn náà ni mo fi ta okùn ìsáṣọ sí àgbàlá rẹ̀, òun nìkan ló sì ń fi èékánná jà láti tú u.

"Bàbá Kọ́tọ́nú. Ẹ̀yin lẹ so ó?"

Kí n tó la ẹnu, Alájì ti gbá orí mú. "Astagafurulai! Bàbá Kọ́tọ́nú! O ń fi ọkọ̀ mi bojú ṣe fàyàwọ́? Ìyá Mẹ̀dínà, ẹ wá wo ẹni tí a jọ ń jẹun!"

Mo yíjú sí i. "Alájì, ẹ̀yin lẹ ní kí n kàn wọ́n! Mo bẹ̀ yín láàárọ̀ ọjọ́ yẹn pé ká yọ wọ́n!"

"Ìwọ? O bẹ èmi?" Kò pariwo mọ́. "Nígbà tí Lọ́yà bi ọ́, kí lo sọ?"

Lọ́yà kò wò mí. Ó tẹ fóònù rẹ̀. Ohùn mi jáde sórí omi, ketekete: "Mi ò mọ̀ ọ́n, báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́?"

Alájì ń gbọ̀n omi kúrò lára ẹ̀wù rẹ̀. Ó ní, "Ẹ wà wá padà sébùúté, ẹ jọ̀ọ́. Oòrùn ti ń mú."

Èmi náà ni mo wà wọ́n padà.

Mo sáré tẹ̀ lé Lọ́yà dé ìdí mọ́tò rẹ̀. Mo ní kó gba ohùn mi míì, mo ti ṣetán, kí wọ́n mú mi, kí wọ́n ṣe ohun tó wù wọ́n.

"Bàbá, èmi gbà yín gbọ́. Mo máa gba ohùn náà, mo máa pe ẹjọ́ náà. Àmọ́ lọ́yà Alájì á dìde, á ní: Bàbá, ìgbà wo lẹ purọ́, ìgbà yẹn ni àbí ìsinsìnyí? Kí lẹ máa sọ?"

"Husain wà níbẹ̀. Husain gbọ́ gbogbo rẹ̀."

"Níbo ni Husain wà?"

"Àjàṣẹ́."

Ó wo ọ̀nà Ìdìrókò, ó mí kanlẹ̀. "Ká ní ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni, Bàbá. Lọ́jọ́ tí ẹ ò tíì ní nǹkan kan láti jèrè níbẹ̀. Báyìí, wọ́n á ní ìjà ẹ̀yin àti Alájì ló bí i."

Ó pe ẹjọ́ náà lóòótọ́. Kí wọ́n tó dá ọjọ́, kòrónà dé, wọ́n ti kóòtù. Bọ́dà tì, kóòtù tì. Dókítà Ìlaròó wo ẹsẹ̀ náà, ó ní eegun ti mú ara wọn ní wíwọ́, àfi kí wọ́n tún un dá. Owó tí wọn ò rí lákọ̀ọ́kọ́, ibo ni wọ́n ti máa rí ti ẹlẹ́ẹ̀kejì? Alájì kó búlọ́ọ̀kù rẹ̀ kúrò lábẹ́ máńgòrò. Kò tilẹ̀ bá mi jà. Ó kàn ń kí mi bí ẹni tó ń kí àjèjì.

Àwọn ará àdúgbò ní kí Àṣìkẹ́ lé mi. Kò lé mi. Kò bú mi, kò ṣépè. Ó kàn ń sè, ó ń bù, kò sì bù tèmi. Ìbá jẹ́ pé ó gbá mi létí, ǹ bá mọ ibi tí mo dúró.

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí ẹ bá wọ ọkọ̀ fàájì tí ẹ farapa, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀yìn tíkẹ́ẹ̀tì dẹ́rù bà yín, ẹ má sì jẹ́ kí irun funfun kankan dọ̀bálẹ̀ gba ẹ̀tọ́ yín. Ẹ wá lọ́yà kí omi tó gbẹ, kí ẹlẹ́rìí tó sá. Bó bá sì jẹ́ ìwọ lo rí i, sọ ọ́ nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá bi ọ́. Wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà. Àwọn tó fẹ́ ra tèmi pọ̀. Ọjà ti tú ni kí n tó gbé e dé.

Nígbà tí wọ́n dẹ òfin kónílé-ó-gbélé, Àṣìkẹ́ mú ọmọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà ọmọ náà n'Ílárá. Wọ́n gbé Mẹ̀dínátù sẹ́yìn mọ́tò, wọ́n na ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí ìrọ̀rí. Wọ́n ti ta máṣíìnì. Mo lọ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn mọ́tò náà. Mo sọ ọ́ fún un fúnra mi, láti orí ọ̀pá tó dún kò láàárọ̀ títí dórí "omi ló wà nínú omi." Mi ò bẹ̀ ẹ́. Ó ti mọ̀ ọ́n, ó sì jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Ó wò mí. Mo ń retí èébú, mo tiẹ̀ ń fẹ́ ẹ.

Ó ní, "Ẹ̀ bá ti sọ fún mi kí n tó jókòó, Bàbá."

Mọ́tò gbéra. Mi ò rí i mọ́ látìgbà náà, mi ò sì gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Ohun tó sọ kẹ́yìn fún mi nìyẹn.

Ẹ̀ bá ti sọ fún mi kí n tó jókòó, Bàbá.